Kùrukùru Manchester, Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun, àti Orúkọ Ẹni Tó Sùn Síbẹ̀

 Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan gígùn síbí. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí kó pa á mọ́ di òpin ọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rí irú fọ́tò kan lójú ìwé àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí. Itẹ́ òkú ni, ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Kùrukùru á ti bo gbogbo ilẹ̀, áńgẹ́lì olókùúta kan á na ìyẹ́ sókè, igi tí kò léwé kankan á dúró lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Southern Cemetery ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi òyìnbó á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mà rẹwà o, ó mà fini lọ́kàn balẹ̀ o. Àwọn tiwa ńkọ́? "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o." "Kí lo wá dé ibẹ̀ láàárọ̀?" Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò lójú mi, mi ò tíì jẹun." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ìtàn òwú ni mò ń ṣe PhD lé lórí, kì í ṣe ìtàn òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ ipasẹ̀ òwú ní Manchester, kò ní pẹ́ tó fi máa kan èéfín, ẹni tó bá sì tọ èéfín dópin, ẹnu ibojì ló máa bá ara rẹ̀. Nítorí náà mo ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Kùrukùru inú fọ́tò wọ̀nyẹn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn èèyàn wa tí a ń sin síbí, àti irú fọ́tò tí a ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò náà. Southern Cemetery wà ní Barlow Moor Road ní Chorlton, níbi tí ọ̀nà náà ti pàdé Princess Road. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Moss Side lọ sí apá gúúsù ìlú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ ń gbà kọjá. Ní 1879 ni wọ́n ṣí i. Ìjọba ìlú Manchester ló ni ín, kò sì sí itẹ́ òkú ìjọba ìlú mìíràn ní gbogbo UK tó tóbi tó o. Ilé tí wọ́n ti ń sun òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 1892 ni wọ́n ṣí ìyẹn. Nígbà náà, ẹyọ kan péré ló ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ìyẹn èyí tó wà ní Woking.

Àwọn èèyàn ńlá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ United, ibẹ̀ ni Matt Busby sùn sí. Ibẹ̀ ni L. S. Lowry wà, ayàwòrán tó máa ń kun àwọn ilé iṣẹ́ eléèéfín àti àwọn èèyàn tín-ín-rín tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó kú ní 1976, àwọn èèyàn sì ṣì máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì ìkunàwòrán sórí ibojì rẹ̀. Ibẹ̀ ni John Alcock wà, òun àti Brown ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì láìdúró níbì kankan, ní oṣù Kẹfà 1919. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, kùrukùru bò ó lójú bó ṣe ń fò lọ sí Paris, ọkọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kú. Ẹni ọdún 27 ni. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kùrukùru fini lọ́kàn balẹ̀.

John Rylands náà wà níbẹ̀, oníṣòwò òwú tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó kú ní 1888, òun àti Enriqueta ìyàwó rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Cuba. Enriqueta yìí ló kọ́ ilé ìkàwé Deansgate ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 1900, a sì ṣì ń jókòó kàwé níbẹ̀ dòní.

Owó òwú ló kọ́ ilé ìkàwé yẹn, èéfín òwú ló sì kun ìlú yìí ní dúdú. Ẹ gbọ́ ná. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èédú ni gbogbo ilé ẹ̀rọ òwú ní Manchester fi ń ṣiṣẹ́, èédú ni gbogbo ilé fi ń dáná, òpó èéfín sì dúró káàkiri bí igi ọ̀pẹ nínú oko. Onímọ̀ kẹ́míkà kan wà níbí tó ń jẹ́ Robert Angus Smith. Ó gbé òjò Manchester wò, ó rí i pé èéfín èédú ti sọ ọ́ di kíkan. Ní 1872 ó kọ ìwé ńlá kan lórí afẹ́fẹ́ àti òjò. Acid rain tí gbogbo ayé ń sọ lónìí, láti ọwọ́ ẹni yìí ni orúkọ náà ti wá.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àfòpiná. Àfòpiná kan wà ní ilẹ̀ yìí tí ara rẹ̀ funfun pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní, tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi kí ẹyẹ má baà rí i. Ní 1848 wọ́n rí ọ̀kan ní Manchester tó dúdú kirikiri. Ṣé ẹ rí i, èéfín ti sọ èèpo igi di dúdú, ẹyẹ ń ṣa àwọn funfun jẹ, àwọn dúdú ń yè é. Nígbà tó fi máa di 1895, nǹkan bí 98 nínú 100 àfòpiná irú èyí ní àyíká Manchester ló jẹ́ dúdú. Bí èéfín bá lè pa àwọ̀ kòkòrò dà báyìí, ẹ ro ohun tó ń ṣe sí òkúta ibojì tó dúró sójú kan. Òkúta tí wọ́n gbé wá ní àwọ̀ iyanrìn a máa dúdú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ tún ro ohun tó ń ṣe sí àyà àwọn tó ń mí i sínú.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí fọ́tò Manchester àtijọ́ tí kùrukùru bò, ẹ má rò pé omi lásán ni. Omi àti èéfín ni. Irinṣẹ́ fọ́tò ayé ọjọ́un náà tún fi tirẹ̀ kún un. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló máa ń gbà ju àwọ̀ yòókù lọ. Ohun tó bá wà lókèèrè nínú kùrukùru á wá ṣá sí i nínú fọ́tò ju bí ojú ṣe rí i lọ, ojú ọ̀run náà á sì di funfun báláú. Báyìí ni ojú àwọn èèyàn ṣe mọ́ irú àwòrán yẹn, títí ó fi di pé bí wọ́n bá fẹ́ kí nǹkan rí bí ti ìgbàanì, tàbí kó bani nínú jẹ́ díẹ̀, wọ́n á yọ àwọ̀ kúrò, wọ́n á sì dúró de kùrukùru.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ má sáré kọjá o, ọ̀rọ̀ yín wà nínú èyí. Ní àwọn ọdún 1850 sí 1860, oníṣẹ́ òwú kan ní Manchester, Thomas Clegg, dara pọ̀ mọ́ Henry Venn ti ìjọ CMS láti máa ra òwú láti Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ síbẹ̀. Henry Robbin, ọmọ Sàró, wá kọ́ iṣẹ́ òwú ní Manchester níbí kó tó padà lọ ṣe é ní Abẹ́òkúta. Aṣọ funfun láti àwọn ilé iṣẹ́ agbègbè yìí náà tún padà sọ́dọ̀ wa, orí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pa àdìrẹ sí. N kò sọ pé òwú wa ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lọ̀ níbí o, ti Amẹ́ríkà, tí àwọn ẹrú gbìn, ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé lánàá lẹ dé ìlú yìí. Àwọn Yorùbá ti mí èéfín Manchester sínú kí wọ́n tó ronú àtiṣí Southern Cemetery.

Èéfín náà ti lọ báyìí. Ní 1946 ni Manchester gba àṣẹ láti fòfin de èéfín ní apá kan ìlú, ní 1952 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní àárín ìgboro, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti gbogbo ilẹ̀ yìí sì tẹ̀ lé e ní 1956. Kùrukùru tí ẹ ń rí nínú fọ́tò òde òní, ìrì òwúrọ̀ lórí ilẹ̀ tútù ni. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò ó ṣì jẹ́ ojú ayé èéfín.

Ohun kejì tí kùrukùru máa ń bò mọ́lẹ̀ ni àwọn tí kò ní òkúta rárá. Fọ́tò yẹn máa ń wá áńgẹ́lì àti àgbélébùú gíga. Ta ló ní owó áńgẹ́lì? Tálákà Manchester kò ní in. Ẹ lọ sí Angel Meadow, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Victoria. Ọgbà kékeré tó tutù ni lónìí, àwọn èèyàn ń mú ajá ṣeré níbẹ̀. Láàárín 1787 sí 1816, nǹkan bí 40,000 èèyàn ni wọ́n sin síbẹ̀, tálákà ni èyí tó pọ̀ jù, inú kòtò kan náà ni wọ́n ń to ọ̀pọ̀ wọn lé ara wọn sí. Ní 1855 wọ́n fi òkúta pẹrẹsẹ tẹ́ orí ilẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní St Michael's Flags, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ City náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ti yín wà nítòsí Etihad. Philips Park Cemetery ni, 1866 ni wọ́n ṣí i, òun ni itẹ́ òkú àkọ́kọ́ tí ìjọba ìlú Manchester fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní oṣù Keje 1872, odò Medlock kún àkúnya, ó ya wọ apá ibi tí wọ́n ń sin àwọn Kátólíìkì sí, ó hú òkú tó lé ní 50, ó sì gbé wọn lọ gba àárín ìlú. Ẹ fojú inú wo ìdílé tó ń wá òkú ẹni tí wọ́n ti sin. Níbi tí kò sí orúkọ, ta ni yóò mọ ẹni tí odò gbé lọ?

Ẹ ó bi mí pé, bí ìtàn náà bá burú tó báyìí, kí ló dé tí àwọn ará Manchester fi fẹ́ràn fọ́tò itẹ́ òkú tó bẹ́ẹ̀? Orin dá sí i. Ní oṣù Kìíní 1979, Kevin Cummins ya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Joy Division lórí afárá tó dábùú Princess Road ní Hulme. Yìnyín bo ilẹ̀, fọ́tò náà sì jẹ́ dúdú àti funfun. Princess Road kan náà tó lọ já sí Southern Cemetery ni o. Ní oṣù Karùn-ún 1980, Ian Curtis tó ń kọrin fún wọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹni ọdún 23 péré. Ní oṣù Keje, àwo wọn tí wọ́n pè ní Closer jáde. Fọ́tò ibojì ló wà níwájú páálí rẹ̀, dúdú àti funfun: ère òkú kan nà gbalaja, ère àwọn ọlọ́fọ̀ yí i ká. Bernard Pierre Wolff ló yà á ní 1978 ní itẹ́ òkú Staglieno ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n ti yan fọ́tò yẹn kí Curtis tó kú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò sẹ́ni tó lè wò ó bí àwòrán lásán mọ́. Láti ìgbà náà, fọ́tò ibojì láìláwọ̀ di ara ohun tí wọ́n fi ń mọ orin Manchester.

Àwọn tó wà nídìí orin yẹn náà ti lọ sùn sí Southern Cemetery: Martin Hannett tó gbohùn wọn sílẹ̀, Rob Gretton tó ń ṣe alábòójútó wọn, àti Tony Wilson ti Factory Records tó kú ní 2007. Peter Saville tó ṣe páálí Closer wà lára àwọn tó ṣe òkúta ibojì Wilson. Òkúta dúdú dídán ni, orúkọ rẹ̀ hàn gbangba lójú rẹ̀. Ìyẹn wú mi lórí. Ẹni tó ta fọ́tò ibojì aláìlórúkọ fún gbogbo ayé, nígbà tó kan tirẹ̀, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Ó wá kan àwa. Kí ló dé tí fọ́tò yẹn fi ń bà wá lẹ́rù? Kì í ṣe pé a kò gbọ́n, kì í sì í ṣe pé a ń sá fún òkú. Àwa gan-an ni a ń bá òkú gbélé. Ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí. Bàbá á sùn sínú yàrá tàbí sí àgbàlá, àwọn ọmọ á máa gba orí rẹ̀ kọjá, ojú oórì á sì wà níbi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Inú igbó, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ẹni tó ń kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tó kú ikú àìda lọ: ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná pa, ẹni tí àrá sán pa. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn 1861, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé òkú kúrò nínú ilé lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó òkú kúrò ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wọn láàárín ìgboro ni, láti 1852 ni òfin ìyẹn ti ń jáde. Nítorí náà, fún ọmọ Yorùbá, igi, kùrukùru, àti ibojì tí kò sí èèyàn nítòsí rẹ̀ kì í ṣe àmì ìsinmi. Àmì pé wọ́n jù ú nù ni.

Àwa náà kò sì ṣàìfẹ́ fọ́tò dúdú-àti-funfun. A fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Neils Walwin Holm ti ṣí ilé fọ́tò sí Èkó ní 1896. Ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó rí i pé a ní bí a ṣe ń ya àgbà: á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ á wà lórí eékún, agbádá á tẹ́ rẹrẹ, ojú méjèèjì á hàn. Ó tún rí nǹkan kan tó ń fa omi lójú mi nígbà gbogbo tí mo bá rántí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á lẹ àwọn méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pa pọ̀. Ìyá á gbé e kọ́ ògiri. Ní Ọ̀wọ̀ pàápàá, kí kámẹ́rà tó dé, wọ́n ń gbẹ́ àkó fún àgbà tó bá kú, ère tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe: kí ojú ẹni tó lọ hàn, kí a mọ̀ pé òun ni.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń fọ́nnu, a ní láti sọ ti Ajẹ́lẹ̀. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn Sàró àti àwọn àgbà ìlú ayé ọjọ́un sí, títí kan Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1891. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà ìjọba ológun Mobolaji Johnson, wọ́n hú u kúrò. Wọ́n gbé ti Crowther lọ sí Kàtídírà ní Marina. Àwọn tí orúkọ wọn kò tó ti Crowther ńkọ́? Oyinbo kọ́ ló ṣe ìyẹn, àwa ni.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí rèé. Ẹ jẹ́ n pa orúkọ wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan kú sí ìlú yìí. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà láti gbé òkú lọ sílé, ẹ sì mọ bí ìwé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìdílé fẹnu kò pé kí wọ́n sin ín síbí, a sì sin ín. Màmá wọn wà ní Ìjẹ̀bú, físà kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan nínú wa tó mọ fọ́tò í yà lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ó ya ibojì náà nínú kùrukùru, ní dúdú àti funfun. Kò sí òkúta níbẹ̀, nítorí níbí wọ́n máa ń ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ joró fún oṣù bíi mélòó kan. Fọ́tò náà dára gan-an lójú wa. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp.

Màmá pè. Wọn kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ṣé inú igbó lẹ gbé ọmọ mi sí? Kí ló ṣe? Orúkọ rẹ̀ dà? Ẹ̀yin dà?"

Ọ̀rẹ́ mi sunkún bí ọmọdé. Ní Sátidé, gbogbo wa padà síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìyàwó olóògbé wọ aṣọ tí wọ́n fi sìnkú, àwọn ọmọ dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwa tó kù dúró lẹ́yìn. Wọ́n ti ri igi kékeré mọ́lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, a nu ún, a jẹ́ kó wà níwájú. Oòrùn díẹ̀ yọ. A yà á ní aláwọ̀, gbogbo ojú hàn, orúkọ hàn. Ọ̀rẹ́ mi tún ya fídíò láti ẹnu géètì títí dé ibojì, ó ń sọ ọ̀nà náà fún màmá bó ṣe ń rìn: "Màámi, a ti wọlé báyìí. A yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ibojì mìíràn rèé, ẹ̀gbọ́n ò dá wà o." Màmá ti fi fọ́tò náà sínú férémù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wọn nínú pálọ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ báyìí.

Àbí ẹ rí i? Ẹni tó ń gbé ní Chorlton lè lọ fọwọ́ kan òkúta náà nígbàkígbà tó bá wù ú, nítorí náà fọ́tò eléèkùrukùru lè jẹ́ ẹwà lásán fún un. Fún ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú, fọ́tò yẹn gan-an ni ibojì. Kò ní rí òmíràn.

Kì í ṣe àìláwọ̀ ló burú. Ní oṣù Kẹwàá 1945, wọ́n ṣe ìpàdé karùn-ún ti àwọn adúláwọ̀ àgbáyé, Pan-African Congress, ní Chorlton-on-Medlock Town Hall, tó ti di ara Manchester Metropolitan University báyìí. Nkrumah wà níbẹ̀, Kenyatta wà níbẹ̀, Du Bois àti Amy Ashwood Garvey náà wà níbẹ̀. John Deakin ló ya fọ́tò wọn fún ìwé ìròyìn Picture Post. Dúdú àti funfun ni, ìlú eléèéfín kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló kún inú rẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́. Ọgbà All Saints tó wà ní ọ̀kánkán ibẹ̀, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, itẹ́ òkú ni tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ ju 10,000 lọ. Àwọn ará 1945 a mọ̀ lójú àti lórúkọ. Àwọn tó wà lábẹ́ koríko a kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín. Bí a bá sin èèyàn wa síbí, ẹ ya fọ́tò kùrukùru tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya èyí tí orúkọ àti ojú wà nínú rẹ̀. Ibojì kọ̀ọ̀kan ní itẹ́ òkú ìjọba ní lẹ́tà apá ibi tó wà àti nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé. Ẹ tún fi í sọ́kàn pé kì í ṣe ilẹ̀ ni ẹ rà níbẹ̀ o. Ẹ̀tọ́ sí ibojì fún iye ọdún kan ni, òfin England kò sì jẹ́ kí wọ́n tà á ju 100 ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni tiwọn kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó wà lórí ìwé yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí ìwé náà wà, nítorí àwọn ni yóò tún un san.

Ẹni tó bá ní èèyàn ní Southern Cemetery tàbí Philips Park tí ará ilé kò tíì rí ibojì rẹ̀, kó fi orúkọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síta níbí. Mo máa ń ráyè ní Sátidé. Fóònù mi kò dára tó kámẹ́rà àwọn tó ń ya áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n màá nu òkúta náà kí n tó yà á, màá sì dúró títí orúkọ yóò fi hàn.